Ìmúra Ilé De Omíyalé
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpèjọ Ẹgbẹ́ wa ní Ìbàdàn)

Nígbà tí Akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ìtàn ìlú tàbí ọ̀ràn èdè wa ni ó ń retí lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ni a wà yìí, òjò kò sì ní pẹ́ dé. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ìtàn tí ojú àwa fúnra wa rí wò, kí a tó padà sí èyí tí àwọn baba ńlá wa rí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì ya bo àárín ìlú yìí. Ènìyàn tí ó ju 200 lọ ni ó bá omi náà lọ. Ọdún 31 kọjá. Àwọn tí ó rí i ti ń darúgbó, àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ sì ti ń kọ́ ilé tiwọn. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, 2011, òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó sì rọ̀ wọ òru. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílímítà 187.5, èyí tí ó súnmọ́ ìdá kan nínú méje gbogbo òjò tí ìlú yìí ń rí ní odidi ọdún. Ènìyàn tí ó ju 100 lọ kú, afárá wó lulẹ̀, omi kò sì ka ọ̀mọ̀wé sí, nítorí ó wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ba ọgbà ẹja wọn jẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìparí oṣù kẹjọ ni méjèèjì, ìgbà tí àwa máa ń sọ fún ara wa pé òjò ń sinmi.

Èmi wà nílé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà, nítòsí odò kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. N óo sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń tì mí lójú. Omi dé àtẹ̀gùn, a dìde, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ìyàwó mi ní kí a lọ sí ilé aládùúgbò wa tí ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Èmi ní kí a wọ mọ́tò, kí a forí lé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi ní òun kò lọ síbì kankan, odò kì í kún bo ẹja lójú. Àdúrà rere ni, èmi náà a sì máa ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n àwa kì í ṣe ẹja. Bí a ti ń jiyàn ni omi dé orúnkún. Ìyàwó mi ni ó borí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, nítorí nígbà tí ilẹ̀ mọ́, afárá tí mo fẹ́ gbà kọjá kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo pọn ìyá tí ó pọn mí. Ìwé ilẹ̀ wa àti ìwé ẹ̀rí gbogbo wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn, níbi tí baba mi ti ń fi wọ́n pamọ́ fún olè. Kò ro ti omi rí.

A ní tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ ọjọ́ náà, a ní gàrí, a ní okùn pàápàá. Ìpinnu ni a kò ní. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ olúkúlùkù baálé pé, nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, kí ó pe ìyàwó àti ọmọ jókòó, kí wọ́n dárúkọ ilé kan lórí òkè tí wọn yóò sá lọ, àti èkejì bí ọ̀nà ti àkọ́kọ́ bá dí. Kí wọ́n mọ ẹni tí yóò gbé arúgbó, ẹni tí yóò di ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ mú, àti ẹni tí yóò pa iná gbogbo ilé kí omi tó dé ibẹ̀. Kí wọ́n sì rin ọ̀nà náà lójú ọ̀sán, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Ẹ óo fi jì mí bí mo bá mẹ́nu kan Nóà, nítorí iṣẹ́ mi ni: òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó ń kan ọkọ̀. Ní ti ìwé, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sí òkè àjà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́ ìbátan tí ń gbé ìlú mìíràn.

Ẹ má ṣe fojú kéré omi tí ń sáré. Bí ó bá ga ní ínṣì 6 péré, ó lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Bí ó bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2, ó lè gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò lọ. Ẹni tí ó jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ kò sàn ju ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ.

Nígbà tí omi bá fà, ewu kò tíì tán. Ilé alámọ̀ a máa wó lẹ́yìn tí oòrùn ti ràn, nítorí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti rọ̀. Ẹ wo ògiri dáadáa kí ẹ tó padà sùn níbẹ̀. Kànga tí omi wọ̀ ti gba ohun tí ṣáláńgá gbogbo àdúgbò kó jáde. Ẹ se omi náà kí ó hó kí ẹ tó mu ún, nítorí inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni àrùn onígbáméjì ti ń wá.

Wàyí o, n óo fi ọ̀wọ̀ ńlá sọ èyí tí ó ṣòro fún mi. Ní ayé àtijọ́, ẹ̀fọ́ ni a ń gbìn sí àkúrò. Kò sí baba tí í fi í fún ọmọ rẹ̀ kọ́ ilé. Nígbà tí ilẹ̀ di ọ̀wọ́n, a wọ̀n ọ́n, a gé e, a tà á títí dé etí omi. Ta ni ó tà á? Kì í ṣe ìjọba, kì í sì í ṣe àlejò. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí kò rí ààtàn bẹ̀rẹ̀ sí í da pàǹtí sínú odò, tí abẹ́ afárá fi dí. Bí ibi bá sì ṣẹlẹ̀ tán, a óo fi ọ̀rọ̀ pé ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀ràn ẹnìkan, tu ara wa nínú. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ni ó ta ilẹ̀, ẹnìkan ni ó rà á, ẹnìkan náà ni omi sì bá níbẹ̀ lóru.

Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀ràn ìkún-omi ìlú yìí. A ti fi tún afárá ṣe, a sì ti fi la ojú odò. Iṣẹ́ rere ni, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tún ta etí odò tí a là yẹn ń da owó náà padà sínú omi.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí Ẹgbẹ́ yìí ni pé, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, kí a pe àwọn awọnlẹ̀ tí ó wà láàárín wa, kí wọ́n bá Mọ́gàjí kọ̀ọ̀kan tí ilẹ̀ rẹ̀ kan odò rìn dé etí omi, kí wọ́n sì ri òpó sí ibi tí kò tọ́ kí ilé kọjá. Mo ti bá méjì nínú àwọn awọnlẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní gba owó. Ó ku ẹnu yín, ẹ̀yin baba wa.