Bíárìn Inú Ẹ̀rọ Amúnáwá Ọkọ̀: Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Àpáta, Ìbàdàn

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé nínú ẹgbẹ́ tí a ti ń sọ ti àṣà àti ìtàn, èmi dìde láti sọ̀rọ̀ lórí òrùka irin tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ṣùgbọ́n Àpáta ni a wà. Ọ̀nà Abẹ́òkúta kọjá níwájú wa. Ibùdó epo tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ wà nítòsí. Ó sì ti pẹ́ tí àwọn ọkọ̀ agbépo àti ọkọ̀ akẹ́rù ti mọ àdúgbò yìí. Níbi tí ọkọ̀ bá pọ̀ sí, níbẹ̀ ni mẹkáníìkì àti rìwáyà ń pọ̀ sí. Iṣẹ́ wọn ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé, àwọn ọmọ wa ni wọ́n sì ń kọ́ ọ.

Bíárìn ni ohun tí ń jẹ́ kí irin yí nínú irin láìjẹ ara wọn run. Ẹ̀yin tí ẹ gun kẹ̀kẹ́ Raleigh ní ìgbà èwe mọ̀ ọ́n dájú: àwọn ọmọ irin roboto inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí a máa ń fi gírísì kùn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, orí idẹ olóróró ni ẹsẹ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì ń yí lé. Ní Sweden, Sven Wingquist ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ìhunṣọ kan. Ilẹ̀ amọ̀ ni ilé náà dúró lé, ilẹ̀ a máa yẹ̀, àwọn ọ̀pá ẹ̀rọ a sì wọ́, bíárìn a sì máa bàjẹ́ lemọ́lemọ́. Nínú ìyọnu yìí ni ó ti ronú kan irú bíárìn tí ń bá ọ̀pá wíwọ́ yí, ní 1907 ni a sì dá SKF sílẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ń dà láàmú ni ó rí ọ̀nà àbáyọ, kì í ṣe ẹni tí ó jókòó sí yàrá ìwé.

Bíárìn méjì ni ó wà nínú alitánétọ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ti iwájú ni bẹ́líìtì ń fà, òun ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ wo òǹkà tí a fín sí i lára: bí ó bá jẹ́ 6303, 03 ìparí rẹ̀ ń wí pé ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 17 mílímítà, 02 jẹ́ 15, láti 04 sókè, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5. Ọmọṣẹ́ tí ó bá mọ èyí kò ní gba èyí tí kò bá a mu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí bíárìn bá ti ń kú, yóò máa hu, igbe náà yóò sì máa ga bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré sí i. Ẹ yọ bẹ́líìtì, ẹ fi ọwọ́ yí púlè. Bí ó bá ń há bí ìgbà tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, tàbí tí ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ti tán. Bí a bá fi í sílẹ̀, ọkàn ẹ̀rọ tí ń yí yóò fara kan wáyà tí ó yí i ká, gbogbo rẹ̀ yóò sì jó. Nígbà náà, ohun tí owó kékeré ìbá tún ṣe di ti owó ńlá.

Ẹ̀rọ tuntun kan ń bọ̀ wá bá wa báyìí. Ọkọ̀ Ram 1500 ti Amẹ́ríkà ti ní in láti àwòṣe ọdún 2019. Ní 2024 Toyota gbé Hilux oní-48 fólítì jáde ní Gúúsù Áfíríkà. Nínú irú ọkọ̀ wọ̀nyí, ẹ̀rọ kan náà ni ó ń ṣe iná, òun náà ni ó sì ń ti ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, tí ó tún ń ṣí i. Nítorí náà bẹ́líìtì ń fà á síhìn-ín, ó tún ń fà á sọ́hùn-ún, ẹrù bíárìn sì wúwo ju ti àtijọ́ lọ. Ní ibi púpọ̀, odindi ẹ̀rọ ni àwọn tí ń ta ọkọ̀ ń pàrọ̀. Ta ni nínú yín tí yóò sanwó odindi ẹ̀rọ nítorí òrùka méjì?

Ọwọ́ àwọn rìwáyà wa lè ṣe é, mo dá yín lójú, ṣùgbọ́n àṣà méjì kan wà tí ó gbọ́dọ̀ dópin. Èkíní ni fífi wáyà kan irin láti wo bóyá iná yóò ta. Ní 12 fólítì, iná náà a máa tètè kú. Ní 48, ó lè máa jó lọ lójú ẹni. Èkejì ni yíyọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Èyí a máa pa àwọn ohun ẹlẹ́gẹ́ inú ọkọ̀. Kí a kọ́kọ́ tú bátìrì méjèèjì kúrò bí ìwé ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ ti wí, kí a sì dúró títí agbára tí ó ṣẹ́kù yóò fi tán.

Lẹ́yìn èyí ni kí a tó fi púlà fa bíárìn ògbólógbòó jáde. Àwa a máa fẹ́ràn òòlù jù. Òòlù ni ó ń pa bíárìn tuntun kí ó tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan. Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀pá, òrùka inú ni kí a tẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú ilé rẹ̀ ni, òrùka òde. Bí agbára bá gba orí àwọn ọmọ irin kọjá, ojú wọn yóò dá. Kí a má ṣì gbàgbé ohun kékeré ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí ń mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ yí dé: kí a sàmì sí i kí a tó tú u, kí ó lè padà sí ààyè rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin Olóyè ni pé kí ẹ pe àwọn ọ̀gá iṣẹ́ jọ, kí a lè kọ àwọn ìlànà wọ̀nyí ní èdè Yorùbá fún àwọn ọmọṣẹ́, nítorí èdè òkèèrè ni ìwé ọkọ̀ náà ń sọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí i kà rárá. Mo mú bíárìn 6303 méjì wá síhìn-ín, ògbólógbòó kan àti tuntun kan. Ẹ gbé wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ di òrùka inú mú, kí ẹ sì yí ti òde díẹ̀díẹ̀ sí etí yín.