Iná Wà, Ìjókòó Wà, Èèyàn La Ń Wá

Ọ̀rọ̀ tí kòódínétọ̀ ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun, tẹ́ ẹ máa ka èyí lórí WhatsApp, ẹ kú ìnáwó. Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ àjọlò wa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ìlú ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ ra sólà, ẹ ra bátìrì, ẹ sì fi íntánẹ́ẹ̀tì sí i. Àga 16 ló wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo jókòó síbẹ̀ láti Mọ́ńdè títí dé Fúráìdé. Lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ jù, àwa márùn-ún ni, èmi àti ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ sì wà nínú márùn-ún yẹn. Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé ká kúkú sọ ibẹ̀ di ibi tá a ó máa kó kánópì àti àga ìyáló sí. Mi ò bínú sí wọn. Oṣooṣù là ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn ì báà wá, kó má wá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí wa ló máa kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí. Brad Neuberg, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ló bẹ̀rẹ̀ irú ibi báyìí ní San Francisco ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ló ń ṣí tiẹ̀. Odidi oṣù kan, ẹnì kankan ò yọjú. Ìgbà tó jáde lọ wá àwọn èèyàn kiri ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹ tún wo Co-Creation Hub ní Yaba. Nígbà tí Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ wá sí Èkó lóṣù kẹjọ ọdún 2016, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ yà sí. Ṣé àga ló wá wò ni? Àwọn tó jókòó sórí àga ló wá bá.

Àṣìṣe tiwa, ẹ̀bi mi ni. Mo ṣe páálí ìkéde kan tó rẹwà, mo ya fọ́tò àga àti tábìlì sí i, mo sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù wa. Ẹ fi àtàǹpàkò sí i, ẹ fi ọkàn pupa sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá dìde, mo lọ ń béèrè lójúde. Àǹtí kan tó jẹ́ télọ̀ sọ fún mi pé, “Ibẹ̀ yẹn dà bíi báńkì lójú mi. Mo rò pé wọ́n á ní kí n jáde ni.” Ọmọkùnrin kan tó ń fi fóònù ṣe káàdì ìpè ìgbéyàwó fún àwọn oníbàárà ní Èkó, tó ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù lójoojúmọ́, ní òun rò pé àwọn oníláptọ́ọ̀pù nìkan ló wà fún. Àwa sì nìyẹn, tá a ní kí ẹni tó ń rí owó lójoojúmọ́ san t'oṣù kan lẹ́ẹ̀kan náà!

Lọ́jọ́ kejì mo mú àǹtí télọ̀ yẹn dání wọlé. Ó gbé fọ́tò àwọn aṣọ tó ti rán sórí Facebook, dátà ò jẹ ẹ́ lówó, iná ò lọ. Nígbà tó fi máa di Tọ́sìdeè, ó ti mú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àti onígèlè kan wá. Mi ò fi páálí kankan ránṣẹ́ sí onígèlè yẹn o. Ẹni tó mọ̀ ló mú un wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin alákòóso, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa gba owó ojoojúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ san t'oṣù, kó san án, ṣùgbọ́n ẹ má fi dí ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé òkèèrè, ẹ má tíì fi àga kún àga. Nígbà tẹ́ ẹ bá wálé Iléyá tàbí Kérésì, dípò kẹ́ ẹ máa gbé láptọ́ọ̀pù kiri wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ẹ wá bá wa jókòó ní wákàtí méjì. Ọmọ tó bá rí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe ìṣirò owó fún ilé iṣẹ́ kan ní London láti ìlú wa níbí, ìbéèrè tó máa bi yín á pọ̀. (Ẹ kàn máa jáde síta kẹ́ ẹ tó gbé ìpè. Ẹ̀gbọ́n kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lé gbogbo wa jáde lóṣù tó kọjá.) Ẹni tó bá sì lágbára, kó san owó oṣù kan fún àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó wà nílé, kó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Màá lọ pè é nílé fúnra mi.

Láti Sátidé tó ń bọ̀, ọ̀fẹ́ ni ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì wọbẹ̀ rí. Fóònù nìkan lẹ ní? Ẹ gbé e bọ̀. Láago mẹ́jọ àárọ̀, èmi gan-an lẹ máa bá lẹ́nu ọ̀nà.