Ìpín Ìjọba àti Ìpín Ìbílẹ̀ ní Ìlọrin

Bí a bá bi àgbẹ̀ kan ní Bódé Sàádù pé apá ibo ni òun wà, ìdáhùn rẹ̀ kò lè jẹ́ ẹyọ kan. Ní ti ọba, abẹ́ Émíà Ìlọrin ni. Ní ti ìjọba ìbílẹ̀, Mọ́rò ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdìbò fún Ilé Aṣòfin Àgbà, kì í ṣe àwọn ará Ìlọrin ni yóò bá yan aṣojú, bí kò ṣe àwọn ará Édù, Pàtígi, Kàíámà àti Bàrútẹ́ẹ̀nì, níbi tí Tápà àti Bàrìbá pọ̀ sí.

Ìpín ìbílẹ̀ ni ó pẹ́ jù. Ní ìgboro Ìlọrin, àwọn Balógun mẹ́rin ni ó wà lábẹ́ Émíà: Balógun Ajíkòbí, Balógun Alánamú, Balógun Gàmbàrí àti Balógun Fúlàní. Àwọn Mágàjí sì ń ṣe olórí àdúgbò.

Ìpín ìjọba a máa yí padà. Abẹ́ Ìjọba Àríwá ni Ìlọrin wà títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, nígbà tí a pa Ìlọrin àti Kàbà pọ̀ di ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwara. Ní ọdún 1991, Kàbà bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Kogí. Lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni ó wà ní Kwara. Ilẹ̀ Émíà Ìlọrin kárí 5 nínú wọn: Ìwọ̀-Oòrùn Ìlọrin, Ìlà-Oòrùn Ìlọrin, Gúúsù Ìlọrin, Àsá àti Mọ́rò. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ń yan aṣòfin àgbà kan náà. Mọ́rò nìkan ni ó bọ́ sí apá Àríwá Kwara.

Ìpín kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀ràn oyè àti àṣà, ọ̀dọ̀ Mágàjí tàbí Baálẹ̀ ni a ń gbé e lọ. Ọjà, ibùdókọ̀ àti ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun, òfin ọdún 1999 fi wọ́n sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ará Mọ́rò tí ó bá ru ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tọ aṣòfin àgbà àwọn ará Ìlọrin lọ yóò rin ìrìn òfo, nítorí ẹni náà kò ṣojú fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá dìbò láìmọ ẹni tí ìbò náà wà fún kò lè bi í léèrè iṣẹ́.

Nítorí náà, ó yẹ kí olúkúlùkù mọ orúkọ Mágàjí tàbí Baálẹ̀ rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, àti aṣòfin rẹ̀. Bí ìjọba bá sì tún ààlà fà lọ́la, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí rẹ̀ sọ ẹbí tí ó wà lódì kejì di àlejò.