Èjìká Tó Gan Kì í Fẹ́ Agbára

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ masáàjì, ìyá kan wá bá mi. Èjìká rẹ̀ gan débi pé kò lè wé gèlè mọ́. Mo fi agbára fa apá náà. Màmá ké, wọn kò sì rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Ẹ̀bi mi ni.

Awọ tó yí oríkèé ká ló máa ń nípọn, tó sì ń fún; ó lè gba ọdún 1 sí 3 kó tó dẹ̀. Ọwọ́ wa kò lè já a. Iṣan ọrùn àti ti ẹ̀yìn èjìká ni mò ń wọ́ báyìí, jẹ́jẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti fi aṣọ gbígbóná lé e, kí ìrora lè dín kù. Ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò pẹ̀lú, torí ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ.