Kọ́ọ̀sì Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà Yóò Gbájú Mọ́ ní Ọdún Kìíní



Àwọn ọmọ Mọ́níyà, Lálúpọn, Ẹgbẹ́dá àti Akáńràn ní agbègbè Ìbàdàn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè wọ yunifásítì láti lọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, a máa bi mí pé: "Sà, kọ́ọ̀sì wo ni kí n mú tí mi ò fi ní fìdí rẹmi?" Ìbéèrè gidi ni.

Èyí tó pọ̀ jù nínú kọ́ọ̀sì ọdún kìíní, ẹ̀yin kọ́ lẹ ó yàn án. Àjọ NUC, tó ń bójú tó yunifásítì ní Nàìjíríà, ti la ìdá 70 nínú 100 ètò ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń fi ìdá 30 kún un. COS 101, ìfáàrà sí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, àti COS 102, ọgbọ́n yíyanjú ìṣòro, jẹ́ yúníìtì mẹ́ta-mẹ́ta. MTH 101 tí í ṣe ìṣirò, STA 111 tí í ṣe ìṣirò dátà (statistics), físíìsì àti GST, ẹ̀kọ́ gbogbogbòò, náà ń bẹ níbẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù tí ẹ lè fúnra yín yàn. Ibi tí ẹ óò fi ọkàn sí gan-an ló wà lọ́wọ́ yín.

Lójú tèmi, COS 102 àti ìṣirò ni. Ẹ̀rù máa ń ba ọmọ tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé pé ọmọ Bódìjà ní ìgboro Ìbàdàn ti gba iwájú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní COS 101. Ní COS 102, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó: ìyá kan ń fi kóńgò ta gààrí ní Lálúpọn, èkejì ń ta á ní àpò. Kọ ìgbésẹ̀ tí ẹni tí kò rí gààrí rí yóò fi mọ ẹni tí tirẹ̀ wọ́n jù. Bí kóńgò kò bá kún ńkọ́? Bí àpò kan bá tóbi ju èkejì lọ ńkọ́? Ìwé àti bírò ló gbà. Ọmọ tó bá ń ronú kan irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé olùkọ́ rán an létí kò ní bẹ̀rù COS 201 ní ọdún kejì, níbi tí prógíráàmù kíkọ ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu.

Ẹ má fojú di STA 111 náà. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní 1967, bá àwọn onímọ̀ PlantVillage ti Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí Nuru, áàpù orí fóònù kan. Ẹ gbé kámẹ́rà fóònù sí ewé ẹ̀gẹ́, yóò sọ bóyá àrùn wà lára rẹ̀, kódà níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán ewé rẹpẹtẹ, tí àwọn tó mọ àrùn ẹ̀gẹ́ ti sọ ohun tó ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà. Irú ìṣirò dátà tó bẹ̀rẹ̀ láti STA 111 ló sì ń bá a ṣe ìyókù. Ọmọ àgbẹ̀ tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ewé tí àrùn mú àti ewé tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀ka yín bá gbà kí ẹ mú kọ́ọ̀sì kan ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ mú un, ẹ má tijú.

Ẹ má mú kọ́ọ̀sì kankan torí pé àwọn tó ṣáájú yín ní ó rọrùn. Ẹ má di yúníìtì rù kọjá agbára ní sáà àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má tìtorí laptop ta ilẹ̀ ní ọdún kìíní. Ẹ ra ìwé ìṣirò fún ọmọ, kí ẹ sì rí i pé ó lọ rí olùdámọ̀ràn rẹ̀ ní ẹ̀ka kí ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì tó parí.