Kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì ní Jíbówú

Ní Jíbówú níbí, láàárọ̀ kùtù ni bọ́ọ̀sì ti ń gbéra lọ sí Onitsha, Port Harcourt àti Àbújá. Ibi tí èrò bá ń lọ, àrùn lè bá a débẹ̀.

Ní July 2014, Ẹ̀bólà wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ jálẹ̀, kò jẹ́ kí aláìsàn náà kúrò ní ọsibítù. Àrùn yẹn ló padà pa dókítà. Àwọn elétò ìlera wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò fún ọjọ́ 21. Àmọ́ ẹnì kan sá lọ sí Port Harcourt. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú. Lápapọ̀, ènìyàn 20 ló kó o, 8 nínú wọn kú.

Ẹ̀bólà kì í gba inú afẹ́fẹ́. Ẹ̀jẹ̀, èébì àti ìgbẹ́ aláìsàn ló ń gbé e. Ẹ máa fọwọ́ dáadáa. Bí elétò ìlera bá sì pè yín, ẹ gbé fóònù, ẹ sọ òótọ́, ẹ jókòó sílé. Ẹni tó bá sá, àrùn ló ń gbé kiri.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.