Orúkọ Myeong-dong ní Ìlú Seoul
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún)

Bí Ẹgbẹ́ wa ti ń múra láti kọ orúkọ àwọn àdúgbò wa sí ojú pátákó, ó wù wá láti sọ ohun tí ojú àdúgbò kan rí ní ilẹ̀ Kòréà.

Ní ọdún 1396, wọ́n pín olú ìlú ìjọba Joseon, tí í ṣe Seoul òní, sí ẹkùn 5 àti àdúgbò 52. Ọ̀kan nínú àwọn ti ìhà gúúsù ni Myeongnyebang, orúkọ tí ó dá lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìwà ọmọlúwàbí. Ní ọdún 1910 ni Jàpáànì gba Kòréà. Meiji-cho ni wọ́n wá ń pe àdúgbò náà, Meiji tí í ṣe orúkọ ìgbà ìjọba ọba wọn, ọba tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí!

Òmìnira dé ní 1945. Àwọn ará Kòréà kò dúró de ìjọba tiwọn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948. Ní 1946 ni a ti pa àwọn orúkọ Jàpáànì rẹ́ ní Seoul. Honmachi, òpópónà ọjà àwọn ará Jàpáànì, di Chungmuro, ní ìrántí Yi Sun-sin, ọ̀gágun orí omi tí ó fọ́ ọkọ̀ ogun Jàpáànì túútúú kí ó tó kú sójú ìjà ní 1598. Èsì yẹn mú! Ṣùgbọ́n ti Meiji-cho ni ó wú wa lórí jù. Àmì ìkọ̀wé Ṣáínà tí ó bẹ̀rẹ̀ Meiji náà ni ó bẹ̀rẹ̀ Myeongnyebang: àmì ìmọ́lẹ̀. Wọ́n fi àmì yìí sílẹ̀, wọ́n gé ìyókù dànù, wọ́n sì fi dong, èyíinì ni àdúgbò, kún un: Myeong-dong.

Oríṣi dong méjì ni ó wà níbẹ̀ lónìí. Ọ̀kan ni ti ìwé ilẹ̀, tí kì í ṣáà yí padà. Èkejì ni ti ọ́fíìsì tí ń bójú tó àwọn ará àdúgbò, ó sì lè kó dong ìwé ilẹ̀ púpọ̀ pọ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2014, orúkọ òpópónà ni òfin ní kí a máa fi kọ àdírẹ́sì ilé, ṣùgbọ́n dong kò kúrò nínú ìwé ilẹ̀. Ilẹ̀ kan wà tí iye tí ìjọba dá lé e ti ga ju ti gbogbo ilẹ̀ Kòréà lọ láti ọdún 2004. Myeong-dong ni gbogbo ayé ń pe ibẹ̀. Chungmuro ni ìwé ilẹ̀ rẹ̀ wí.